Ohun Tí A Ń Ṣọ́ Kọ́ Ló Dé: Ogójì Ọjọ́ Ìyá Ìkókó Kan ní Ṣómólú

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwòsàn, èmi ni mò ń bójú tó ìpàdé àwọn aláboyún ní ìjọ wa, ní Mainland l'Ékòó, ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú. Ẹni tó ni ìtàn yìí ti gbà kí n kọ ọ́, mo sì ti yọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀ kúrò. Àwọn agbẹ̀bí ẹgbẹ́ mi ni mò ń kọ ọ́ fún, àti àwọn ìyá ìjọ tó máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀ fún aláboyún títí ọmọ á fi ké.

Oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 30 nígbà tó dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé aládàáni kan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ṣómólú ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọmọkùnrin wọn tó ti pé ọdún 3. Marina ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́. Kí aago 5 ìdájí tó lù ló ti ń jáde nílé, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí Third Mainland Bridge má baà ká a mọ́. Ó na ìwé kan sí mi, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá nǹkan kan ṣẹ́ kù. Mo ka nǹkan 41 lórí rẹ̀: aṣọ ọmọ, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, nápíìnì, ọṣẹ, òróró, àwọ̀n ẹ̀fọn, báàgì tí wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sí. Tirẹ̀ nínú 41 yẹn ò ju páàdì ọ̀rá méjì àti ọ̀já ìdikùn kan lọ.

“Sista, níbo ni tiyín wà níbẹ̀?”

“Tèmi kẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ọlọ́run ló ni tèmi.”

Mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín, torí mo mọ bí ti àkọ́bí rẹ̀ ṣe rí. Ní ìjọ wa, àdúrà tí àwọn aláboyún ń ṣe àmín sí jù ni pé kí wọ́n bí bí àwọn obìnrin Hébérù inú Ẹ́kísódù orí 1, àwọn tí agbẹ̀bí kì í tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí wọ́n á ti bí. Àdúrà yẹn ló fi oṣù mẹ́sàn-án gbà. Nígbà tí ìrọbí pẹ́ tí ọmọ ò sọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìgbàgbọ́ òun ló kéré. Ilé kún fọ́fọ́ títí di ọjọ́ ìkómọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ìkómọ, kálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ. Ìyá tó bí i ti ṣaláìsí, ìyá ọkọ sì ń tọ́jú aláìsàn nílé lọ́hùn-ún. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, oorun dá lójú rẹ̀, kódà bí ọmọ bá sùn. Ẹkún ṣáá ló ń sun. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn ọmọ náà. Ẹnìkan ní ẹ̀mí kan ló ń bá a jà, ni wọ́n bá mú un lọ sí orí òkè àdúrà, ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní pẹ̀lú ààwẹ̀, ojú abẹ ò tíì jinná. Lọ́jọ́ kẹta, ojú abẹ là. Oṣù méje gbáko kọjá kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò.

Mo nígbàgbọ́ nínú àdúrà, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ àdúrà wa fún aláboyún máa ń parí síbi tí ọmọ bá ti ké. Yorùbá tó ní ká máa kí ìyá ìkókó pé “Ẹ kú ewu ọmọ” kò sọ pé ewu ti kọjá lọ. Àwa la máa ń kí i bẹ́ẹ̀ tán tí a ó jẹun, tí a ó sì máa lọ.

Mo ní kó fi ìwé ọmọ sílẹ̀ ná, kó mú ìwé mìíràn, kó kọ “Ogójì Ọjọ́” sórí rẹ̀. Ogójì ọjọ́ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń ka Bíbélì. Léfítíkù orí 12 ka ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 33 fún ìyá tó bí ọkùnrin, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì fún ìyá tó bí obìnrin. Màríà náà pa á mọ́ nínú Lúùkù orí 2. Nínú àwọn ìjọ aláṣọ funfun kan, ìyá ìkókó kì í wọ ilé ìsìn títí ogójì yóò fi pé. Ìjọ tiwa kì í ṣe é, mi ò sì ní ká padà sábẹ́ òfin ìwẹ̀nùmọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí a da òfin yẹn nù, a da ìsinmi tó wà nínú rẹ̀ nù mọ́ ọn. Obìnrin tí wọ́n là níkùn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti wà lórí ìlà akọrin.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la jókòó lórí ìwé yẹn kó tó bímọ. Ti ìgbà àkọ́kọ́ kò gùn. Dókítà ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n máa fi gbẹ̀bí ọmọ kejì, ní ọ̀sẹ̀ 39, ó sì ń tijú kí ìjọ gbọ́. Èmi àti Ìyá Ìjọ, ìyàwó pásítọ̀ wa, la jọ bá a sọ ọ́. Ìyá Ìjọ ṣí blouse rẹ̀ díẹ̀, ó fi àpá abẹ tirẹ̀ hàn án. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò mọ̀ pé wọ́n ní in. Ìtìjú tán lójú ẹsẹ̀.

Nígbà kejì, ọkọ wá. A sọ ọ̀rọ̀ owó àti ti ìsinmi iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbí àti 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù 6 láti ọdún 2014, ó sì fún àwọn ọkọ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10, àmọ́ kò kan àwọn méjèèjì yìí, ilé iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n wà. Ọkọ ní òun á da ìsinmi ọdọọdún òun pọ̀ mọ́ ti Kérésì. Wọ́n dín owó ìkómọ kù, wọ́n fi ₦120,000 sínú àpò ìwé kan, wọ́n kọ “lẹ́yìn ìbí” sára rẹ̀. Ó nira fún ọkọ láti gbà. Ó bi mí léèrè pé kí ni owó náà wà fún nígbà tí wọ́n á ti san ti iṣẹ́ abẹ. Mo ní kó ṣáà tọ́jú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba àkókò jù. Àjà kejì ni wọ́n wà, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ omi wà, àtẹ̀gùn 26 ló wà láàárín. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là níkùn kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo bi í pé ta ló pọnmi nígbà àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Ó ti ń gbé korobá gun àtẹ̀gùn yẹn láti ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò sì rò pé orí òkè nìkan ló la ojú abẹ rẹ̀. Wọ́n ra dúrọ́ọ̀mù ńlá méjì, wọ́n sì bá ọmọkùnrin kan ládùúgbò dá iye tí wọ́n á máa san fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì kejì lé ti àkọ́kọ́ kí ó má baà máa fi ikùn fa ara rẹ̀ dìde láti ilẹ̀. Ó ra ẹja gbígbẹ tó pọ̀ ní Makoko, nítorí ẹja gbígbẹ kò dúró de iná NEPA. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá pín ọjọ́ láàárín ara wọn tí wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá.

Ìgbà kẹta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí ọjọ́ yẹn ni Màmá, ìyá ọkọ, ti dé láti Ìjẹ̀bú. Ẹni ọdún 66 ni wọ́n, wọn ò mọ̀wé. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to ìkòkò omi gbígbóná àti tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ fi tẹ ikùn ìyàwó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mi ò sọ pé “ẹ má ṣe é”. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ìyá tí wọn ò là, wọ́n ṣàlàyé, ó sì dùn mọ́ wọn. Mo wá ní, “Màmá, tí ojú ọgbẹ́ bá wà níbẹ̀ ńkọ́?” Wọ́n ronú, wọ́n ní, “A kì í fi omi gbígbóná jó ojú ọgbẹ́.” Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́. A fẹnu kò pé omi gbígbóná á jẹ́ ti ìwẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná á jẹ́ ti mímu, a ò sì ní tẹ ikùn. Wọ́n ní ọmọ wíwẹ̀ jẹ́ tiwọn, a fi lé wọn lọ́wọ́. Àgbà tí ẹ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi òmíràn rọ́pò, yóò ṣe é lẹ́yìn yín ni.

Lẹ́yìn náà ni mo mú ìwé àmì ewu jáde, èyí tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: ẹ̀jẹ̀ tó bá rin páàdì gbingbin láàárín wákàtí kan, ara gbígbóná, ojú abẹ tó pọ́n tàbí tó ń ṣọyún, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ tó ń rùn, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dunni, èémí tó ń há, orí fífọ́ tí parasítámọ̀ ò ràn, tàbí ojú tó ń rí iná tó ń ṣẹ́jú, àìrí oorun sùn nígbà tí ọmọ ń sùn, àti èrò pé kí òun pa ara òun tàbí ọmọ lára. Màmá wo ìwé náà, wọ́n ní, “Èmi tí n ò mọ̀wé, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?” Ọkọ ló dá ìmọ̀ràn. Ó ní àwọn máa ń ka sáàmù níbi àdúrà ìdílé lálaalẹ́, tí òun bá ti ka sáàmù tán, òun á ka ìwé yẹn náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó ṣe é. Láti ọjọ́ tí Màmá dé títí ọmọ fi dáyé, wọ́n gbọ́ ọ ju ìgbà 15 lọ.

Àárín oṣù Kejìlá ló bí, ọmọbìnrin. Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Mo sọ fún un pé ẹkún ọjọ́ kẹta máa ń wọ́pọ̀, ó máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bí kò bá lọ ni kó wí. Gbogbo ojú wa wà lára ọkàn rẹ̀ àti ojú abẹ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ewu ti wá nígbà àkọ́kọ́.

Ètò oúnjẹ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Oúnjẹ dé lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó gbé e wá ò lọ. Wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á bèèrè bí abẹ ṣe rí. A pín ọjọ́ oúnjẹ, a ò pín ìṣẹ́jú àlejò. Ọjọ́ ìkómọ bọ́ sí ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú Kérésì, ó wọ léèsì, ó sì jókòó láti aago 7 àárọ̀ títí di 4 ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ àlejò márùn-ún ló wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló ń dìde gbé mínírà fún wọn, kí wọ́n má baà ní ó ń ṣe fáàrí.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo yà wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 138/88. Jálẹ̀ oyún, kò kọjá 120/80 rí. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè, kó sinmi, pé màá padà wá lẹ́yìn Kérésì. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo sì ń kọ ọ́ síbí kí ẹlòmíràn má baà ṣe é. Ìfúnpá tó gòkè láti 120 sí 138 lẹ́yìn ìbí kò yẹ kó dúró ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀la ló yẹ kí n padà. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé tí ọmọ àti ibi bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí ni ìfúnpá sábà máa ń ga jù, gìrì sì lè mú ìyá títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kódà ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ru rí nínú oyún.

Aago 2 òru, ọjọ́ kejì Kérésì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó lo parasítámọ̀ méjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lọ, ó sì ní òun ń rí nǹkan tó ń tàn wíńtìn-wíńtìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òun. Ọkọ ní àìsùn ni, kí wọ́n gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè sùn. Àbúrò ọkọ kan tó wá ṣọdún ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe pásítọ̀. Màmá ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọmọ jáde nínú omi, kàn-ìn-kàn ṣì wà lọ́wọ́ kejì, wọ́n ní:

“Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á fún mi lálaalẹ́, ẹ ò gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń kà ni? Orí tó ń fọ́ tí oògùn ò ràn, ojú tó ń rí iná. Òun nìyí! Ẹ pe pásítọ̀, kó máa gbàdúrà bá wa lójú ọ̀nà.”

Ìdí tí mo fi ń kọ ìtàn yìí ò ju gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn lọ. Ìwé wà lára ilẹ̀kùn, ọkọ àti ìyàwó mọ̀wé, síbẹ̀ ẹni tí kò lè kà á ni ìwé náà ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, nítorí etí ló fi gbà á, lójoojúmọ́, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Èkó dá páropáro lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ayé ti gba ilé wọn lọ ṣọdún. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 172/112. Ohun tó bá ti tó 160/110, pàjáwìrì ni. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium kí gìrì má baà mú un, àti oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ walẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n san owó ìdúró, ọkọ yọ àpò ìwé yẹn jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá a dúró, ọmọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mu ọmú.

Ó délé ku ọ̀la kí ọdún parí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun fẹ́ lọ síbi ìsìn àìsùn ọdún tuntun láti lọ dúpẹ́, àti pé òun á bá ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 inú oṣù Kìn-ín-ní. Mo sọ tèmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì: ó ń lo oògùn, ó ń fún ọmọ lọ́mú, abẹ rẹ̀ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò gbọ́ tèmi. Ìyá Ìjọ ló wá lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún, wọn ò jókòó ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Wọ́n ṣí 1 Àwọn Ọba orí 19, níbi tí Èlíjà ti sùn sábẹ́ igi tó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejèèjì oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, kò ní kó dìde gbàdúrà. Wọ́n ní, “Ẹ wo iye ọjọ́ tó fi agbára oúnjẹ yẹn rìn.” Ó wò ó. Ogójì ni. Ó jẹun lọ́jọ́ yẹn, kò sì gba ààwẹ̀ náà.

Láti ìgbà náà ni a ti yí ètò oúnjẹ padà. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ìsàlẹ̀ ló ń fi kúlà sí, á gbàdúrà lórí fóònù. Èmi ni mo sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́, kí ìyá ìkókó má baà jẹ́ ẹni tí wọ́n máa bínú sí.

Ti ọkàn dé, àmọ́ kò rí bíi ti àkọ́kọ́. A máa ń lo ìbéèrè 10 tí a fi ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbí, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ní Scotland, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un lẹ́nu, mo sì bi í lọ́sẹ̀ kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Lọ́sẹ̀ kẹrin, máàkì rẹ̀ jẹ́ 13 nínú 30, ìyẹn tó láti rí dókítà. Kò ní èrò ikú. Dókítà fi í mọ olùdámọ̀ràn kan tó ń rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwa sì wá oorun fún un: ní aago 9 alẹ́ á fún wàrà sínú ife onídèérí, ife á wọ inú kúlà oníyìnyín, Màmá á fi ife kékeré fún ọmọ mu lóru, ìyá á sùn wákàtí márùn-ún láìdìde. Lọ́sẹ̀ kẹfà, máàkì náà ti di 7.

Fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a rí ìyá láàárín wákàtí 24, láàárín wákàtí 48 sí 72, láàárín ọjọ́ 7 sí 14, àti lọ́sẹ̀ kẹfà. Ní ìjọ wa, ìgbà tó ń bọ́ jù ni ti ọjọ́ 7 sí 14, torí ọjọ́ ìkómọ ni a máa ń rí i, nínú ariwo, pẹ̀lú ẹgbẹ́jọdá lọ́rùn. Ẹ má ka ìyẹn sí àbẹ̀wò. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí kò sí àlejò, kí ẹ sì wọn ìfúnpá. Ẹni tó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbí rí lè tún ní in, ẹ máa ṣọ́ ọ; àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ewu tí ẹ mọ̀ gba gbogbo ojú yín bó ṣe gba tèmi. Àwọn ìyá ìjọ, tí ẹ bá ń gbàdúrà ti àwọn obìnrin Hébérù, ẹ fi ẹni tí wọ́n máa là sí i, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ sókè.

A kì í fún aláboyún nìkan ní ìwé àmì ewu mọ́. Láti oṣù Kejì, ọjọ́ Ọjọ́rú kan lóṣù jẹ́ ti ẹni tó máa sùn nínú ilé náà lẹ́yìn ìbí: ìyá, ìyá ọkọ, àbúrò, ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ra ẹ̀rọ ìfúnpá kan. Ìyá yìí ló ń gbé e káàkiri Ṣómólú àti Bàrígà lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó wé e mọ́ ẹnikẹ́ni lápá, á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, á ní kí ẹni yẹn wá jókòó, á sì ka ìwé yẹn sí i létí.